Má Tíì Gé Ike Yẹn, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, kì í ṣe èyí tí à ń sọ lójú mẹkáníìkì. Mo gbọ́ pé o ti ra maṣíìnì tìrẹ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní maṣíìnì obìnrin, tí kò ga, tí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ kọjá níwájú ìjókòó láìṣẹ̀ṣẹ̀ ká yẹ̀rì sókè lójú títì. Mo bá ọ yọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ pé ike iwájú rẹ̀ ń dún kẹrẹkẹrẹ tí o bá ti yà sí apá òsì, pé ó ń ha ọ́ lórúnkún, àti pé ẹnì kan ti ní kí o mú un wá kí òun fi ọ̀bẹ gbígbóná gé e díẹ̀. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, má tíì gé e.

O mọ̀ pé maṣíìnì méjì ni mo ní ní Ìpara yìí. Ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń gbé mi kiri. Èyí tó ń ránṣọ ló pa dà wá là mí lóye lórí èyí tó ń gbé mi kiri, àmọ́ kí òye yẹn tó dé, ojú mi ti rí nǹkan.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni. Mo ń ti Ìsarà bọ̀, aṣọ ẹbí tí mo fẹ́ lọ fún oníbàárà wà lẹ́yìn mi. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí, tí òjò bá ti fọwọ́ kàn án, ilá ni. Kí n tó mọ̀, maṣíìnì ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Ìgúnpá mi bó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé maṣíìnì dìde, iná rẹ̀ ń tàn, búréèkì ń mú, mo ní ọpẹ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé ike iwájú ti ń ha mọ́dìgáàdì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó wò ó lóòró, ó wò ó níbùú, ó ní, "Màdáámù, ike yìí ló gùn jù." Ike tó ti wà lára maṣíìnì láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ṣé òru ló gùn sí i? Ọgbọ́n yẹn kò wá sí mi lórí. Ó gé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ha níbòmíràn. Ó tún gé e. Nígbà ẹ̀kẹta, ibi tí ihò bóòtù wà ló gé lọ, ó bá fi wáyà so ike náà mọ́ irin. Wáyà yẹn ló wá fa kéébù tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná mọ́ra. Mo yà sí òsì lẹ́bàá ọjà, ẹ́ńjìnnì ké fúnra rẹ̀, maṣíìnì fò síwájú, díẹ̀ ló kù kí n kó sórí àtẹ ìyá aláta. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ń wò mí ni, èyí sì dùn mí ju èébú lọ.

Bàbá àgbà kan tó ń ṣe maṣíìnì ní Ṣàgámù ló yọ mí. Ó tú gbogbo ike sílẹ̀, ó tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó wá fi ìka tọ́ka sí irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ iná iwájú. Irin náà ti wọ́ lọ sápá kan, ó tó ìbú ìka. Ó fi fáìsì mú un, ó tẹ̀ ẹ́ pa dà, ó parí. Kí n tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tán, iṣẹ́ ti tán. Lẹ́yìn náà ni mo san owó ike tuntun, nítorí pé èyí tí kò ṣẹ̀ ni mo ti gé sọnù.

Mo rẹ́rìn-ín ara mi lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi. Èmi télọ̀! Tí oníbàárà bá wọ aṣọ, tí etí kan ga ju ìkejì lọ, ṣé sísáàsì ni mo máa ń kọ́kọ́ mú? Èjìká rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹlòmíràn ń gbé báàgì sí èjìká kan ṣoṣo láti ìgbà ọmọdé, èjìká náà ti rẹlẹ̀. Bí mo bá gé aṣọ yẹn, mo ti bà á jẹ́. Aṣọ ni ike, ara ni irin. Bí aṣọ bá há, wọn ara kí o tó gé aṣọ.

Ohun tí ike náà wà fún

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé fáàrí lásán ni ike. Ní ọdún 1958 ni iléeṣẹ́ Honda ní Jàpáànì gbé maṣíìnì kékeré kan jáde, Super Cub ni wọ́n pè é. Soichiro Honda ló mójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Takeo Fujisawa, ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò, ló sì ń rò ó pé kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan gùn ún, kí ọwọ́ kejì di àwo oúnjẹ mú. Ìdí nìyẹn tí irú maṣíìnì yẹn kò fi ní kúlọ́ọ̀ṣì tí à ń fi ọwọ́ fún. Wọ́n wá fi ike fífẹ̀ kan síwájú, kí ẹrẹ̀ àti atẹ́gùn má baà máa bá ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún jà. Nígbà tó fi di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe ti pé 100 mílíọ̀nù. C70 tí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì wa ń gùn láyé ìjọ́sí, ọmọ ìdílé yẹn ni. Bí ó ti wù kí orúkọ tó wà lára tìrẹ jẹ́, àwòṣe rẹ̀ ni.

Nítorí náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá gé lára ike yẹn, ẹrẹ̀ Ìpara ti rí ojú ọ̀nà dé etí yẹ̀rì rẹ nìyẹn. Ibi tí ọ̀bẹ gbígbóná bá sì ti gbà kọjá kì í dán, ibẹ̀ ni yóò ti máa sán.

Wẹ̀ ẹ́ kí o tó dá a lẹ́jọ́

Ohun àkọ́kọ́ kò gba kọ́bọ̀. Bu omi, mú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, kí o wẹ abẹ́ mọ́dìgáàdì àti gbogbo ibi tí ike ti pàdé ike. Ẹrẹ̀ pupa máa ń dì sábẹ́ mọ́dìgáàdì, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó ti di bíríkì. Táyà á wá máa ha á, ìwọ á rò pé ike ni. Iyanrìn tó há sáàárín ike méjì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ sáńpépà ló ń ṣe: bí maṣíìnì ti ń gbọ̀n ni ó ń ha ọ̀dà, lẹ́yìn ọ̀dà ó kan ike. Ariwo ẹlòmíràn tán síbi omi yìí.

Ẹfun télọ̀ àti lípsítíìkì

Èyí ni àṣírí tèmi gan-an. Etí máa ń parọ́. Ariwo tí o rò pé apá òsì ló ti ń wá lè jẹ́ ti ọ̀tún. Mú ẹfun tí a fi ń sàmì sáṣọ, fi kun ibi tí o fura sí. Tí ike bá jẹ́ funfun, mú lípsítíìkì tí o kò fẹ́ràn mọ́, fi kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Gun maṣíìnì yí àdúgbò po, gba ibi tó dán, gba ibi tó ní kòtò, kí o yà sọ́tùn-ún, kí o yà sósì. Tí o bá pa dà dé, sọ̀ kalẹ̀ kí o wò ó. Ibi tí àmì náà bá ti pa rẹ́, tàbí ibi tí lípsítíìkì ti kun òdìkejì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pàdé. Ìgbà míràn, ibi tí kò ju èékánná lọ ni. Ṣé ìwọ náà rí i pé nítorí èékánná kan ni wọ́n ṣe fẹ́ gé ike tó gùn tó apá?

Yí hándù kí o máa wò

Gbé maṣíìnì sórí ìdúró méjì, kí ẹlòmíràn tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Yí hándù lọ sí òsì dópin, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún dópin. Ó gbọ́dọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfa ike, láìfa wáyà. Fi ọwọ́ rẹ wọn àlàfo: níbi tí ohun tó ń yí ti sún mọ́ ike, ó kéré tán kí ìka kan lè wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, rí i pé kò sí nínú jíà, kí o ṣáná sí i, kí o tún yí hándù láti òsì sí ọ̀tún. Tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn rẹ̀ bá ga sókè nígbà tí o ń yí hándù, tí o kò sì fún un níná, kéébù ló ń há síbì kan. Pa á. Má gùn ún dé ìta ṣọ́ọ̀bù pàápàá. Mo ti sọ fún ọ bí èmi ṣe fẹ́ẹ́ kó sórí àtẹ aláta.

Ó ku ọ̀kan. Sọ maṣíìnì kalẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, di búréèkì iwájú mú, kí o fi gbogbo ara rẹ tẹ hándù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ kó máa wo àlàfo mọ́dìgáàdì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó bá wọlẹ̀ nìkan ni ó ń kan ike, ṣọ́kù iwájú ni kí o fura sí, tàbí ẹrù tí o ń kó ti pọ̀ jù fún un.

Irin lákọ̀ọ́kọ́, ike lẹ́yìn

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí maṣíìnì bá ti ṣubú rí, tàbí tí o rà á ní tòkúnbọ̀ tí o kò mọ ìtàn rẹ̀, yọ ike kí o wo irin tó gbé e ró. Téèpù télọ̀ ni kí o mú. Yan ojú kan tó wà láàárín ṣásí, wọn ọ̀nà tó wà láti ibẹ̀ dé ihò bóòtù apá ọ̀tún, kí o wọn ti òsì. Kò sí àrà níbẹ̀, bí ìwọ̀n ọmú sí ọmú ni. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìbú okùn bàtà lọ, irin ti wọ́ nìyẹn.

Irin pẹlẹbẹ kékeré, fáìsì lè tẹ̀ ẹ́ pa dà. Àmọ́ bí táyà iwájú bá dojú kọ ọ̀nà gbọnrangandan, tí hándù sì yà sápá kan, ṣọ́kù ló ti lọ́ ní ibi tí wọ́n ti dè é, tàbí hándù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tèmi tìrẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni, torí pé ẹ̀mí ló so mọ́ ọn.

Má gbàgbé táyà o. Nọ́ńbà wà lára táyà: 2.50-17, 2.75-17, 3.00-17. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú, tó ki èyí tó sanra bọ̀ ọ́ torí pé ó rí i ní ẹ̀dínwó, kó má bínú sí mọ́dìgáàdì. Ẹsẹ̀ ńlá ló ki bọ bàtà ọmọdé.

Sá aṣọ pọ̀ kí o tó rán an

Nígbà tí o bá ń dá ike pa dà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ki bóòtù kan, wọ́n á dè é pinpin, wọ́n á wá máa fa ike lọ bá ihò kejì. Ike tí wọ́n fà bẹ́ẹ̀ kì í sinmi mọ́. Yóò máa tì, títí yóò fi sán. Ṣe bí à ń ṣe aṣọ: à ń fi òwú sá a pọ̀ ná, ká tó gbé e sábẹ́ maṣíìnì. Fi ọwọ́ lásán ki gbogbo bóòtù bọ ihò wọn, kí o yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta péré. Mi ike náà kó rí ibi jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni kí o mú sípánà, bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wo inú ihò bóòtù dáadáa. Ọ̀pọ̀ ihò ló ní rọ́bà rìbìtì kan, irin kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀ sì wà nínú rọ́bà náà tí bóòtù ń gbà kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ irin yẹn ni bóòtù ń há mọ́, kó má baà tẹ ike fọ́; rọ́bà ló sì ń gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra. Àwọn méjèèjì yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kò sì sẹ́ni tí í wá wọn. Kó wọn pamọ́. Rọ́bà tó bá ti le bí èkùrọ́, pààrọ̀ rẹ̀.

Bóòtù náà kò dọ́gba. Èyí tó gùn jù lè gún wáyà iná tó wà lẹ́yìn ike. Èmi máa ń ya àwòrán maṣíìnì sára páálí, mo máa ń ki bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ ibi tó ti jáde lórí àwòrán náà. Ọmọṣẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bóòtù mi kì í ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ike tó sán, ike tó tẹ̀

Bí ike bá sán, ìlà sísán náà yóò máa gùn sí i lójoojúmọ́, bíi aṣọ tó ya tí a kò rán. Wá ibi tí ìlà náà parí sí, kí wọ́n fi dírílì lu ihò wínníwínní kan síbẹ̀, bíi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta. Ihò róbótó yẹn ni yóò dá a dúró. Lẹ́yìn náà, yí ike pa dà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ lẹ́tà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ABS, súpà gúlù pẹ̀lú bákìn sódà yóò mú un le bí òkúta. Bí ó bá jẹ́ PP, má fi owó gúlù ṣòfò, kò ní mú. Ìyẹn, iná ni a fi ń jó o pọ̀ láti ẹ̀yìn, tàbí kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí a fi wáyà tín-ín-rín rán an, bí àwọn ìyá wa ti ń rán igbá tó sán.

Ike tó tẹ̀ láìsán, omi gbígbóná ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ààrò. Fi aṣọ ìnura bò ó, da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e díẹ̀díẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́, tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí o fẹ́, kí o dì í mú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí o bá tètè fi sílẹ̀, yóò pa dà síbi tó ti wá.

Tí o bá fẹ́ ra tuntun, gbé àfọ́kù ti tẹ́lẹ̀ dání lọ sí Ṣàgámù. Ojú kọ́ ni ká fi ra ike. Gbé méjèèjì lé ara wọn, ka ihò, wọn ihò, kí o tó ka owó. Gbé e wọ maṣíìnì lórí ìdúró kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà, torí oníṣọ́ọ̀bù kì í gba ike tí wọ́n ti kùn pa dà.

Orúnkún rẹ ńkọ́?

Èyí ló máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nígbà tí orúnkún tèmi ń kan ike, irin tọ́, ike tọ́. Èmi ni n kò jókòó dáadáa. Ẹrù aṣọ tí mo ń dì sẹ́yìn ló ń tì mí síwájú díẹ̀díẹ̀, títí orúnkún mi fi ń kan ike. Mo sún ẹrù sẹ́yìn, mo dè é mọ́lẹ̀, ó tán. Wo ìyẹn náà kí o tó fura sí nǹkan míràn. Má sì fi ike iwájú ṣe ìṣó tí à ń fi àpò gàrí kọ́. Ìkọ́ kékeré tó wà níbẹ̀, ọ̀rá ata àti búrẹ́dì ló lè gbé.

Sáléńsà ńkọ́? Kí àlàfo ìka méjì wà láàárín òun àti ike èyíkéyìí. Tí o bá ń gbóòórùn ike jíjóná, tàbí tí o rí ibi tó ń dán yàtọ̀, tó rọ̀ bí àbẹ́là, má dúró de ọ̀la. Yẹ̀rì gígùn náà, ṣẹ́ etí rẹ̀ mọ́ra kó má bá ṣéènì ṣeré.

Bí o bá wá gbọ́dọ̀ gé e

N kò sọ pé a kì í gé ike láéláé. Èmi náà ń gé aṣọ. Bí o bá ti wẹ̀ ẹ́, tí o ti fi ẹfun wá a, tí irin ti tọ́, tí gbogbo bóòtù jókòó, tí èékánná kan péré ṣì ń kàn, fi sáńpépà ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ha, gbé e wọ̀, wò ó, tún ha. Lẹ́yìn náà, gé tíúbù àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bí ìgbátí.

Nígbà tí o bá sì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, má bá a jà. Sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ike yìí ká wo irin abẹ́ rẹ̀ ná." Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú. Èyí tó bá bínú, o ti mọ ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ègé ike mẹ́ta tí wọ́n gé lára maṣíìnì mi nígbà yẹn ṣì wà nínú àpótí ẹfun mi. Mo máa ń fi ọ̀kan ha ẹfun kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ní "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣá gé e," àwọn ègé náà a máa wò mí láti inú àpótí, èmi a sì tún mú téèpù.

Máa bọ̀ ní Sátidé. Ọ̀nà abúlé ni kí o gbà, má gba títì Èkó sí Ìbàdàn tí àwọn tírélà ń sáré. Mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó dání, kí o sì mú lípsítíìkì aláwọ̀ ọsàn yẹn wá, èyí tí mo ti sọ fún ọ tipẹ́ pé kò bá ojú rẹ mu. A ti ríṣẹ́ fún un.